Àwòrán báláìńdì tí ò ń béèrè

Pàkátà, Ìlọrin
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àílà

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lo ti béèrè àwòrán báláìńdì tí o rà láti fi bo fèrèsé Ìyá lọ́wọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin náà ni mo fi ẹ̀rín dá ọ lóhùn. Kò sí àwòrán nítorí kò sí báláìńdì lára ògiri títí di àárọ̀ yìí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá ni wọ́n wà láti ọjọ́ tí ẹrù rẹ ti dé, nínú páálí wọn, ológbò ilé yín sì ti bímọ lé e lórí. Mẹ́ta ló bí. Ọ̀kan jọ ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin gan-an, pàápàá bó ṣe ń sùn.

Mo mọ̀ pé wàá máa sọ pé èwo ni ti lẹ́tà láyé ìsinsìnyí. Sùúrù. Ẹni tó ń padà sí Toronto lọ́jọ́rú ló máa mú un fún ọ, pẹ̀lú irú gbígbẹ àti èlùbọ́ tí mo rà ní Ìpàtà. Kúlíkúlí wà nísàlẹ̀ pátápátá. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ rí i, o rántí èyí tó kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé ògiri méjèèjì tó wà ní yàrá Ìyá kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà? Èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà síbẹ̀ ò mọ̀. Nígbà tí Bàbá, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, tún iwájú ilé kọ́, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi gbé èyí tó kọjú sí títì dìde. Èyí tó kọjú sí ilé àwọn tó ń hun òfì, amọ̀ àwọn baba-ńlá yín ni. Wọ́n kàn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú, wọ́n kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà kan náà. Dírílù ló tú àṣírí wọn.

Ọmọkùnrin tó ń bá wa so díìṣì ni mo kọ́kọ́ pè. Ẹnjiníà ló ń pe ara rẹ̀. Ó dé pẹ̀lú dírílù kékeré kan tó ń ké bí ọmọ tí eyín ń hù lẹ́nu rẹ̀, ó gun àga, ó kọjú sí òkè fèrèsé títì. Eruku sìmẹ́ńtì yọ díẹ̀, bíìtì, irin ẹnu dírílù tó ń lu ihò, wọlé tó oríkèé ìka kan, ó bá dúró. Ẹnjiníà tì í. Ó fi àyà tì í. Dírílù ń pariwo, èéfín ń rú, ihò ò jìn sí i. Nígbà tó fà á jáde, ẹnu bíìtì ti pọ́n bí ẹyin iná, kò lè gé ọṣẹ mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ojú, ó ní àǹjọ̀nú wà nínú ògiri yẹn.

Ìyá dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, “Kì í ṣe àǹjọ̀nú. Orí kunkun ẹni tó kọ́ ọ ni.”

Ẹnjiníà ò gbà pé ó ti tán. Ó ní ká lọ síbi èkejì. Àbẹ̀kẹ́, bíìtì tó ti jó yẹn wọ ògiri ẹ̀gbẹ́ bí ìka tó wọ àmàlà. Inú mi dùn, mo ní a ti bọ́. Ó ti fíṣà, rọ́bà tó ń di sìkúrúù mú, bọ ihò, ó de sìkúrúù, ó gbé báláìńdì kọ́ síbẹ̀. Ó fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo rẹ̀ ló wá sílẹ̀: irin, fíṣà, sìmẹ́ńtì tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, àti amọ̀ pupa tó ń ya bí iyanrìn sórí ìrọ̀rí Ìyá. Mo yọjú wo inú ihò, mo rí koríko. Koríko tí wọ́n gún mọ́ amọ̀ nígbà tí wọn ò tíì bí ẹni tó bí ọ. Kò jẹrà.

Ìyá ò bínú rárá. Wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ wá etí ihò náà kiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ọ̀sán gangan ni o.

Kí n tó gbàgbé: ọmọ mi kejì ti yege JAMB, Alájì tó ni ilé ìpàtẹ́ ti fẹ́ ẹ̀kẹta, ìyá tó ń ta wàrà fún wa ní Gẹ́gẹ́lé ti kú, mo jẹun níbi fìdáù rẹ̀, mo sì sunkún ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Mo tún ti sanra. Má fèsì sí ìyẹn.

Lẹ́yìn Ẹnjiníà, oṣù kan gbáko ni mo fi ń sá fún ọ̀rọ̀ báláìńdì. Bàbá káfíńtà ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ló gbà mí. Mo ń ròyìn fún wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ibi tí ọmọ yẹn ń bá jà, líńtẹ̀lì ni. Kọnkéré ni wọ́n dà sórí fèrèsé, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, irin rọ́ọ̀dù sì gba inú rẹ̀ kọjá láti gbé búlọ́ọ̀kù tó wà lókè. Bíìtì igi lọmọ sì gbé wá. Ti kọnkéré, irin líle pẹlẹbẹ kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀. Dírílù náà gbọ́dọ̀ máa yí kó sì máa gbá lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń yí lásán, ojú òkúta ló ń ra. Mo ní, “Ẹ̀yin Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀?” Wọ́n ní, “Ṣé o bi mí ni?”

Wọ́n wá láàárọ̀ yìí. Àkọ́kọ́, wọ́n wọn fèrèsé títì, wọ́n wọn báláìńdì, wọ́n wò mí. Ẹsẹ̀ bàtà 4 géérégé ni fèrèsé tí mo wọ̀n fún ọ, ínṣì 48 sì lo rà. Ìkan náà ni. Kò sì lè wọ inú fèrèsé, nítorí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jẹ lára àyè náà. Ojú ògiri ló máa wà, a fẹ́ a kọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi, mo gbà, ṣùgbọ́n ìwọ náà ò bi mí.

Ti ògiri amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, wọn ò sì yọ dírílù jáde fún un. Wọ́n fi egungun ìka kan ògiri káàkiri, wọ́n dẹ etí, wọ́n mi orí. Wọ́n ní amọ̀ kì í di sìkúrúù mú, ká má da a láàmú. Ṣùgbọ́n férémù fèrèsé àtijọ́ yẹn, igi apá ni, ikán ò lè fi ẹnu kàn án. Wọ́n gé pákó tó gùn ju fèrèsé lọ ní ìbú ọwọ́ kan lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n fi sìkúrúù gígùn mẹ́rin dè é mọ́ orí férémù, wọ́n wá gbé báláìńdì kọ́ ara pákó. Ògiri ò gbé nǹkan kan. Wọ́n po amọ̀ tuntun, wọ́n dí ihò Ẹnjiníà. Mo ní kí wọ́n fi koríko sí i. Wọ́n ní ta ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, èmi àbí àwọn?

Ti líńtẹ̀lì, wọ́n ti yá dírílù ńlá lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ṣe àjà POP. Bíìtì mìlímítà 6 ni wọ́n fi ṣí ojú ihò, wọ́n wá fi 8 fẹ̀ ẹ́. Wọ́n wé téèpù dúdú mọ́ ara bíìtì kí ihò má jìn ju bí fíṣà ṣe gùn lọ. Wọ́n á lu díẹ̀, wọ́n á fà á jáde kó tutù, wọ́n á fẹ́ eruku kúrò. Apá òsì gbà. Apá ọ̀tún, ohùn dírílù yí padà lójijì, bí ìgbà tí eyín bá kan òkúta nínú ìrẹsì. Irin ni. Wọn ò bá a jà. Wọ́n sún sókè ní ìbú ìka méjì, ó sì ń wọlé lọ wẹ́rẹ́. Bó ṣe ku díẹ̀ báyìí ni NEPA mú iná.

Ìdí tí mo fi rí àyè kọ lẹ́tà nìyẹn. Bàbá káfíńtà ń hanrun lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, báláìńdì títì ń fi ẹsẹ̀ kan dúró, Ìyá ń sùn.

Àbẹ̀kẹ́, nígbà tí a fa báláìńdì ẹ̀gbẹ́ wálẹ̀ láàárọ̀, tí yàrá ṣú díẹ̀, Ìyá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “Alhamdulillah. Ojú mi sinmi.” Ìwọ ni wọ́n sọ fún pé nítorí eruku ni wọ́n ṣe fẹ́ báláìńdì. Kì í ṣe eruku. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ta wọ́n lójú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i tí mò ń fi í ṣeré: wọ́n ń fa híjáàbù bo iwájú orí nínú ilé, wọ́n ń da omi tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan mo wọ ańkárá tí àwa méjèèjì jọ rà, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, ìgbà wo lo dé?” Mi ò sọ pé kì í ṣe ìwọ. Mo ní, “Mo dé, Ìyá.” Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹyinjú òsì ti funfun láàárín, bí dígí tí ènìyàn mí èémí sí.

Wọ́n mú mi búra pé mi ò ní sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù. Fóònù ni wọ́n dárúkọ.

Mo ti bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta pé ká lọ sí ilé ìwòsàn Òkè-Oṣè, kí àwọn oníṣègùn ojú wò wọ́n. Wọ́n ní ogbó ni. Èmi ò lè pàṣẹ fún wọn, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n máa ń gbọ́. Jọ̀ọ́, pè wọ́n pẹ̀lú fídíò, kó jẹ́ pé ojú ń rí ojú. Má sọ pé mo kọ nǹkan kan. Kàn ní kí wọ́n ka ohun tó wà lára páálí báláìńdì fún ọ, o ń wá nọ́mbà kan. Wọ́n á ní dígí ojú àwọn ti sọnù. Ibẹ̀ ni kí o ti mú wọn. Ọjọ́ Túsìdeè ni mi ò níṣẹ́, èmi ni màá gbé wọn lọ. Ọ̀rọ̀ owó á tẹ̀lé e, má tíì fi ránṣẹ́, nítorí bí wọ́n bá rí owó wọ́n á fura.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ wálé, bá mi fi bíìtì kọnkéré 8 kan tó dáa rán an. Ti Bàbá káfíńtà ti ń jó, wọ́n sì ti ń wò mí bíi pé èmi ni mo da líńtẹ̀lì náà.

Iná ti dé. Wọ́n ń pè mí kí n wá di àkàbà mú.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́