Lẹ́tà sí Bàbá Títí nípa ejò tí kò yára dàgbà

Columbus, Ohio,
Amẹ́ríkà.
8 Oṣù Kejì

Bàbá Títí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù Leeds. Tiwa níhìn-ín náà kò fararọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rí àwòrán ejò Títí tí o fi sínú rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo ronú ohun tí Màmá yóò wí bí wọ́n bá gbọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé ọmọ-ọmọ wọn ń fi owó ọjọ́ ìbí rẹ̀ ra eku fún ejò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí o bi mí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. O ní ẹni tí ó ta ejò náà fún yín sọ pé kò ní gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, àti pé láàárín ọdún kan ni yóò ti dàgbà tán; àmọ́ ó ti lé ní oṣù mẹ́fà báyìí, ó ṣì rí tẹ́ẹ́rẹ́, Títí sì fẹ́ máa fún un lóúnjẹ léraléra kí ó lè yára tóbi.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni irú milk snake (ejò aláìlóró kan tí àwọn ènìyàn ń sìn nílé) tí ó jẹ́, nítorí orúkọ kan yìí ni a fi ń pe oríṣiríṣi ejò tí gígùn wọn kò sún mọ́ra rárá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ ka gbogbo wọn sí ẹ̀yà kan ṣoṣo, láti Kánádà títí dé Ecuador, kí ìwádìí kan lórí àbùdá wọn tó mú kí a pín wọn sí méje ní ọdún 2014. Èyí tí ó ń gbé inú oko àti ẹ̀yìn abà níhìn-ín ní Ohio kì í sábà kọjá ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ní àkọsílẹ̀ ọ̀kan tí ó gùn tó ínṣì 52. Ti Puebla ní Mẹ́síkò máa ń tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3. Ti Sinaloa, ní Mẹ́síkò kan náà, máa ń tó 4. Ti orí òkè Costa Rica àti Panama ni ó yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé òrùka pupa, funfun àti dúdú ni wọ́n fi ń bí i, ṣùgbọ́n bí ó ti ń dàgbà ni dúdú ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6, débi pé ẹni tí kò rí i ní kékeré kò ní gbà pé òun kan náà ni.

Bí mo ti wo àwòrán tí o fi ránṣẹ́, àwọ̀ ọsàn tí ó wà níbi tí ó yẹ kí funfun wà láàárín àwọn òrùka dúdú rẹ̀ mú kí n gbà pé ti Honduras ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5 ni kí ẹ máa retí. Ó dà bíi pé gígùn ti Puebla ni òǹtajà yẹn sọ fún yín, mi ò sì fẹ́ dá a lẹ́bi jù, nítorí pé àwọn tí ń sin ejò yìí tà ti ń pa irú kan pọ̀ mọ́ èkejì tipẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí a kọ sára àpótí ni a lè gbára lé.

Ní ti bí ó ṣe ń yára dàgbà sí, irú ejò ni ó ń sọ ibi tí gígùn rẹ̀ yóò dúró, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ooru ni wọ́n ń sọ ìgbà tí yóò débẹ̀. Ọmọ ejò Honduras tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, kò sì nípọn ju pẹ́ńsù lọ. Bí ó bá ń jẹun dáadáa, ó lè tó ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí kí ó lé díẹ̀ nígbà tí ó bá pé ọdún kan. Ọdún kejì àti ìkẹta ni yóò sún mọ́ ìwọ̀n àgbà, tí yóò sì tó ẹni tí ń gun abo tàbí tí ń yé ẹyin. Lẹ́yìn ìyẹn kò dẹ́kun dídàgbà pátápátá, ṣùgbọ́n ìdàgbà náà yóò falẹ̀ débi pé ojú lásán kò ní rí i. Ejò tí ó lè lo ọdún 15 sí 20 láyé kò ní ìdí kankan láti kánjú. Nítorí náà, ti Títí kò tíì pẹ́ jù rárá.

Síbẹ̀, gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mo kà lákàtúnkà: o ní ẹ máa ń pa iná tí ń mú àpótí náà gbóná bí ẹ bá fẹ́ sùn, nítorí owó iná. Níbẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ara ejò kì í dá ooru tirẹ̀ mú jáde bí ara wa. Ooru ìta ni ó fi ń lọ oúnjẹ. Apá kan àpótí náà yẹ kí ó gbóná tó ìwọ̀n 29 tàbí 30 Celsius, kí apá kejì sì wà ní nǹkan bí 23, kí ejò fúnra rẹ̀ lè yan ibi tí ó fẹ́. Bí ó bá tutù díẹ̀ lóru kò burú, àmọ́ bí ilé bá tutù bí ti Leeds nínú oṣù yìí, eku tí ó gbé mì lè dúró sínú rẹ̀ láìdà títí tí yóò fi pọ̀ ọ́ jáde. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe fún un ní òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ọjọ́ 10 sí 14, kí ẹ sì fi èyí tí ó kéré bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ tí ń ṣàkóso ooru, owó rẹ̀ kò tó owó dókítà ẹran.

Ní ti oúnjẹ, kí Títí máa fún un ní ọmọ eku kan tí kò tíì hu irun ní ọjọ́ 5 sí 7, kí ó ti yọ́ dáadáa láti inú fírísà, kí ìnípọn rẹ̀ má sì ju ibi tí ara ejò náà ti nípọn jù lọ. Bí ara bá ti ń fẹ̀ ni kí eku náà máa tóbi. Àgbà kò nílò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ọjọ́ 7 sí 14. Mo mọ àwọn tí wọ́n ń fi oúnjẹ tì í kí ó lè tètè bí, mi ò sì fara mọ́ ọn, nítorí ọ̀rá ni ó ń pọ̀ sí i. O ó kàn rí i pé orí dà bí ẹni pé ó kéré ju ara lọ, pé ẹ̀yìn sún mọ́ ìrù wú gúdúgúdú, pé ìpẹ́ ya kúrò lára ara wọn débi pé awọ ń hàn láàárín wọn, bí kò tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun.

Bí ojú rẹ̀ bá ṣú bíi pé èéfín aláwọ̀ búlúù wọ inú rẹ̀, ó fẹ́ bọ́ awọ ni. Kò ní fẹ́ jẹun, ẹ má sì yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ kékeré lè bọ́ awọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ìyẹn sì ni ẹ̀rí tí ó dára jù pé ó ń dàgbà. Ṣùgbọ́n sọ fún Títí kí ó má fi awọ tí ejò bọ́ wọn gígùn rẹ̀, torí pé awọ tí ó ká sí ẹ̀yìn ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń tú nígbà tí ó bá ń bọ́, awọ náà á sì gùn ju ejò gan-an lọ. Kí ó má sì ṣe na ejò fúnra rẹ̀ mọ́ rúlà, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lè farapa. Kí ó jẹ́ kí ó máa rìn lẹ́bàá ògiri àpótí, kí ó fi okùn tẹ̀ lé ẹ̀yìn rẹ̀ láti imú dé ìrù, kí ó wá wọn okùn. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tí ń ka gíráàmù wúlò ju gbogbo èyí lọ.

O béèrè bóyá kí ẹ ra àpótí ńlá nísinsìnyí. Ẹ dúró ná. Àpótí tí ó fẹ̀ jù máa ń dẹ́rù ba ọmọ ejò tí kò rí ibi sá pamọ́ sí, kò sì ní jẹun. Nígbà tí ó bá ń sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 ni kí ẹ wá èyí tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 120, tí gíláàsì rẹ̀ ní àgádágodo, nítorí pé ihò tí orí rẹ̀ bá ti lè gbà ni gbogbo ara rẹ̀ yóò gbà. Ẹ má sì ra èkejì wá bá a gbé inú àpótí kan náà, bí ó ti wù kí Títí bẹ̀bẹ̀ tó: nínú igbó, ejò mìíràn wà lára oúnjẹ tí milk snake ń jẹ. Kọ ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nígbà tí ẹ bá ti fi ooru náà sílẹ̀ lóru fún oṣù kan.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Akin