Sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Fi Iṣẹ́ Báńkì Sílẹ̀ Lọ Kọ́ Psychology

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì wá sí Àjàṣẹ́-Ìpo, kì í pé oṣù kan kí ọ̀dọ́ kan tó gba Ìlọrin wá bá mi. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ báńkì ní òpópónà Táíwò, òmíràn ń kọ́ ọmọ ní Tánkè, ohun kan náà ni wọ́n ń wí: "Bàbá, mo fẹ́ lọ kọ́ psychology, ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé mo mọ bí a ṣe ń gbani nímọ̀ràn."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Èmi náà, akọ̀wé owó ni mí kí n tó padà sí ilé-ìwé ní ọmọ ọdún 38. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n bá jókòó, ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kú ni. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí mo ti fi òwe méjì àti ìtàn kan tù ú nínú. Ó dúpẹ́, ó dìde, a kò rí i mọ́. Ọ̀gá tó ń bojú tó wa bi mí léèrè orúkọ ọmọ tó kú. N kò mọ̀ ọ́n.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n wa. Mọ́gàjí ń gbani nímọ̀ràn, àfáà àti pásítọ̀ ń gbani, ìyá alátà ní Ọjà Ọba ń gbani lọ́fẹ̀ẹ́. (Èmi gan-an nìyí, n kò tíì jáwọ́.) Ẹni tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ yín, ó ti gbọ́ ti gbogbo wọn tán. Ẹni tí yóò gbọ́ ọ délẹ̀ ló ń wá, ẹni tó mọ ohun tí òun ń gbọ́. Ìyẹn ló gba ọdún mẹ́rin fún oyè àkọ́kọ́, kí ẹ tó lọ gba oyè kejì nínú psychology ti ìtọ́jú aláìsàn, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú ọ̀gá. Oyè ìṣirò owó tí ẹ ti ní kì í sábà jẹ́ kí wọ́n gbà yín sí oyè kejì tààrà.

Ẹ má sì da iṣẹ́ yìí pọ̀ mọ́ ti dókítà ọpọlọ, ìyẹn psychiatrist. Thomas Adéoyè Lambo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, tó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé ìtòsí kí ẹbí wọn lè wà lọ́dọ̀ wọn, dókítà ni. Ó lè kọ oògùn. Ẹ̀yin, ọ̀rọ̀ àti ìdánwò, ìyẹn ìbéèrè tí a fi ń wo bí ọkàn èèyàn ṣe rí, nìkan ni irinṣẹ́ yín.

Púpọ̀ nínú àwọn ìdánwò yẹn, òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é wá. Wọ́n á ní kí ẹ bi aláìsàn bóyá inú rẹ̀ bàjẹ́. Èèyàn wa kì í sábà wí bẹ́ẹ̀. "Orí mi ń gbóná," "nǹkan ń rìn lágbárí mi," "àyà mi ń já." Àgbẹ̀ kan láti ẹ̀bá Òró ti fi ọdún mẹ́ta lo oògùn ibà nítorí orí gbígbóná. Mo bi í léèrè ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbóná. Ó dákẹ́, ó pẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni. (Olóògbé ni báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé.)

Owó ńkọ́? Kò tó ti báńkì, ìtìjú sì tún wà níbẹ̀. Ní January 2023 ni ìjọba fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Èyí tó wà ṣáájú, ti 1958, òfin wèrè ni. Òfin yí padà, ẹnu aráyé kò tíì yí: bí ẹ bá gbé pátákó síta ní Ìlọrin, ẹ̀yìnkùlé ni wọn yóò máa gbà wọlé.

Ẹni tó bá jẹ́ pé ọ̀gá burúkú ló ń sá fún, kó wá báńkì mìíràn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ, kó wá bá mi ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, kó jókòó tì mí fún wákàtí kan láìgbà mí nímọ̀ràn kankan. Orúnkún ń dùn mí, àwọn ọmọ mi kì í pè mí, mo sì lẹ́nu.