Ẹ Fún Fíìmù Ojoojúmọ́ Láàyè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aládìrẹ ni mí ní Ìtòkú, ojú ewé fíìmù ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ìròyìn yín. Àwọn òṣèré ńlá nìkan ló ń kún ibẹ̀. Ó yẹ kí ẹ fàyè sílẹ̀ fún àwọn tó ń ya ìgbésí ayé ara wọn lójoojúmọ́, tí wọ́n ń fi ohùn ara wọn sọ bí ọ̀rọ̀ ayé ṣe kàn wọ́n.

Ọmọ mi obìnrin ń ṣe é, fóònù ló fi ń yà á. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí wọ́n jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, ọwọ́ mi ló gbé kámẹ́rà lé. Aró ti dé ìgbọ̀nwọ́. Mo fi agolo mílíìkì bu kọ́sítíìkì tí a fi ń po aró, ó kún, mo tún da díẹ̀ padà sínú ọ̀rá. Rédíò ń sọ̀rọ̀ dọ́là lẹ́yìn mi. Ọmọ mi wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé ìyá òun kì í da kọ́sítíìkì padà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ wọ̀ mí lára ju ibi tó ti ń ka ìròyìn gígùn lé àwòrán lórí lọ. Ìròyìn gígùn yẹn ni kó gé kúrò.

Ibi tó gbé e lọ, wọ́n ní kì í ṣe fíìmù, wọ́n ní ìtàn dà? Ṣùgbọ́n David Perlov, ayàfíìmù ará Ísírẹ́lì, ra kámẹ́rà ní Tel Aviv ní 1973, ó ń ya ìyàwó, àwọn ọmọ àti ìta láti ojú fèrèsé. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni ogun Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá dé, ogun náà sì wọ inú fíìmù. Ọdún mẹ́wàá ló fi yà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́fà. Jonas Mekas, ayàfíìmù mìíràn tí Ogun Àgbáyé Kejì lé kúrò ní Lithuania, dé New York ní 1949, ó yá owó ra kámẹ́rà Bolex, ó sì ń ya àwọn tí ogun lé kúrò nílé bíi tirẹ̀.

Ní 1947, àwọn ìyá wa tẹ̀lé Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ sí ààfin Aké nítorí owó orí, títí Aláké Ademola fi kúrò lórí oyè ní 1949. A mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí aláró kan ń sọ nídìí ìkòkò rẹ̀ lálẹ́ tó ń ka owó orí náà, ta ló yà á?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín wá wo fíìmù ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀bù mi. Bó bá rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kó kọ ọ́ síta.

Èmi ni tiyín,
Aládìrẹ kan, Ìtòkú, Abẹ́òkúta.