Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ kí ilé-ìwé tó wọlé

Mókólá,
Ìbàdàn.
Oṣù Keje, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá rẹ àti àbúrò rẹ ní New York. Ara màmá àgbà tí mo wá tọ́jú ti ń yá díẹ̀díẹ̀; wọ́n ti ń dìde jókòó fúnra wọn, wọ́n sì ń béèrè rẹ lójoojúmọ́.

Mo rí fọ́tò lẹ́tà ìgbaniwọlé Bronx Community College tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, inú mi dùn débi pé mo kà á sókè fún màmá àgbà lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ mo tún rí ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀, pé kí n má tíì sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, torí pé community college, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, lásán ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà dípò kí n kàn pè ọ́ lórí fóònù. Mo ti sọ fún wọn o. Wọ́n sì bá mi dúpẹ́.

Mo mọ ibi tí ìtìjú yẹn ti wá. OND ni mo gbà ní Poly Ìbàdàn, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ Poly nílẹ̀ yìí, bí wọ́n ṣe ń fi HND wé B.Sc. níbi iṣẹ́ títí di òní. Ó dùn mí pé ìwà náà bá wa wọ bàálù dé Amẹ́ríkà. Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ nípa òkè University Heights tí Bronx Community College wà yẹn. New York University ló ni ọgbà náà títí di 1973. Ilé tí òrùlé rẹ̀ rí rìbìtì yẹn, Gould Memorial Library, Stanford White ló ya àwòrán rẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Lónìí, NYU ń gba ju $60,000 lọ́dún lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Níbi tí ìwọ ń lọ, $4,800 ni owó ilé-ìwé ọdún kan fún ará New York tó ń ṣe fúltáìmù. Bí ọpọlọ rẹ bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún méjì, o lè bọ́ sí Lehman College tí wọ́n ti ń gba dígírì; kò jìnnà sí ọ, nínú Bronx kan náà ni. Ohun tí àwa ń pè ní direct entry náà ni, àfi pé tiyín rọrùn jù tiwa lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ jù lọ nìyí: láti ọjọ́ tí o bá ti di akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sí ohun tí èmi tàbí bàbá rẹ lè lọ béèrè níbẹ̀ lórúkọ rẹ. Nílé, bí nǹkan bá dojú rú, òbí á wọ aṣọ tó dára, á lọ rí H.O.D., á bẹ̀bẹ̀. Lọ́dọ̀ yín, òfin kan wà láti 1974 tí wọ́n ń pè ní FERPA. Àṣírí ìwé rẹ, máàkì rẹ, gbèsè rẹ, ìwọ ló ni ín; wọn kì í sábà fi hàn wá àfi bí o bá fọwọ́ sí i. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn káńtà ní ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́hùn-ún, òfin yẹn ni mo máa ń ka fún àwọn òbí tó bá dé pẹ̀lú omijé lójú. Torí náà, ìwọ ni wàá máa wọ ọ́fíìsì wọ̀nyẹn. Kí n kọ́ ọ ní ọ̀nà wọn báyìí ló kù tí mo lè ṣe fún ọ.

Láàárín ìgbà tí lẹ́tà ìgbaniwọlé dé àti ọjọ́ tí kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọnù. Mo ti rí i lọ́dọọdún. Ọmọ á gba ìwé ní ìgbà òtútù, inú gbogbo ilé á dùn, tó bá di ìparí oṣù Kẹjọ, a ò ní rí i mọ́. Kì í ṣe pé kò lè kàwé. Ẹnì kan kò rí káàdì àjẹsára MMR rẹ̀ (ti measles, mumps àti rubella), òfin ìpínlẹ̀ New York sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó máa bá kíláàsì lọ láìsí i. Wọ́n fi “hold” sí orúkọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ̀ fún un láti mú kọ́ọ̀sì, ó sì rò pé wọ́n ti lé òun ni. Ẹlòmíràn kò ṣí ímeèlì kọ́lẹ́ẹ̀jì láti oṣù Karùn-ún. Wọ́n ní kí ẹnì kan mú ìwé kún FAFSA rẹ̀, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ẹ̀rù ìjọba bà á, ó dákẹ́. Nǹkan tí ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà lè tún ṣe kí o tó jókòó tán ni gbogbo ìwọ̀nyí! Kò sẹ́ni tó béèrè ni.

Wọ́n ń wá yín, Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, iye ọmọ tó ń wọ community college já wálẹ̀ gan-an káàkiri Amẹ́ríkà, bí ọmọ bá sì dín, owó tí ilé-ìwé fi ń san olùkọ́ náà á dín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè yín, tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, tí wọ́n ń lọ sí háí sukúù, tí wọ́n sì ń ṣí ọ́fíìsì ní ọjọ́ tí kò yẹ kí wọ́n ṣí i. Má kà wọ́n sí oníyọnu. Bí wọ́n bá pè ọ́, gbé e. Àmọ́ ẹni tó bá ní kí o sanwó kí òun bá ọ ṣe FAFSA, olè ni. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù yẹn.

FAFSA náà, jọ̀ọ́, kí ẹ parí rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ìwọ nìkan kọ́ lo máa ṣe é. Bàbá rẹ gbọ́dọ̀ ṣí àkáǹtì tirẹ̀ lórí StudentAid.gov, kó sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yẹ owó orí wa wò. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kò sí owó ìjọba àpapọ̀ kankan tó máa jáde. Èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣe owó orí pa pọ̀ ni, nítorí náà ẹnì kan nínú wa ti tó. Pell Grant ti ìjọba àpapọ̀ lè tó $7,395 lọ́dún yìí, a kì í san án padà, iye tí wọ́n máa fún ọ sì wà lọ́wọ́ ohun tó ń wọlé fún wa. TAP, owó ìrànwọ́ ti ìpínlẹ̀ New York, tún wà lọ́tọ̀, ó ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ṣe méjèèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ béèrè ASAP, ètò tí CUNY (yunifásítì ìlú New York tí kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ wà lábẹ́ rẹ̀) fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n lè tètè jáde. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí mi ò mọ ohun tí CUNY ṣe fún ọmọ tálákà tó dára ju èyí lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2007. Àwọn olùwádìí MDRC mú akẹ́kọ̀ọ́ 896 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì CUNY mẹ́ta, wọ́n ṣẹ́ kèké fún wọn, apá kan wọ ASAP, apá kejì ń bá tiwọn lọ bí gbogbo ayé ti ń ṣe. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wọ ASAP ló ti gba ìwé ẹ̀rí. Lára àwọn yòókù, 22 péré. Ọmọ àdúgbò kan náà, irú ilé kan náà. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ní Ohio, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ iye àwọn tó ń jáde di ìlọ́po méjì níbẹ̀ náà.

Owó wà nínú ASAP lóòótọ́. Bí owó ìrànwọ́ rẹ kò bá kárí owó ilé-ìwé, wọ́n á dí àlàfo náà, wọ́n á ràn ọ́ lọ́wọ́ lórí ìwé kíkà, wọ́n á fún ọ ní káàdì ọkọ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe owó ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà ìwádìí yẹn, olùdámọ̀ràn ASAP kan ń mójú tó akẹ́kọ̀ọ́ bí 60 sí 80, nígbà tí tàwọn yòókù ń mójú tó 600 ó lé. Ẹni tó ní 600 ọmọ lábẹ́ kò lè mọ̀ pé o ò wá sí kíláàsì láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tó ní 60 á pè ọ́. O gbọ́dọ̀ lọ rí i déédéé, dandan ni, o sì gbọ́dọ̀ ṣe fúltáìmù. Mo mọ̀ pé èyí á mú kí o dín wákàtí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ kù. Dín in kù. Èmi àti bàbá rẹ ti sọ̀rọ̀ lórí owó fóònù àti owó oúnjẹ rẹ, a máa gbé e. Àyè ASAP kì í ṣe ti gbogbo èèyàn o, ẹni tó bá tètè dé ló ń rí i gbà.

Nígbà tí o bá jókòó níwájú olùdámọ̀ràn, wo lẹ́tà tó kẹ́yìn orúkọ kọ́ọ̀sì rẹ dáadáa. Ìṣirò owó lo fẹ́ ṣe, o sì fẹ́ dé yunifásítì. A.A.S. jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ ti ibẹ̀ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, A.S. ni wọ́n ṣe fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀síwájú. Àwọn tó mú èyí tí kò bá ète wọn mu máa ń dé yunifásítì, kí wọ́n tó mọ̀ pé wọn ò ní ka díẹ̀ nínú kọ́ọ̀sì wọn sí wọn lọ́rùn. Sọ fún un tààrà pé Lehman tàbí Baruch College, tóun náà ń fúnni ní dígírì, ni o ń lọ, kó fi ìyẹn yan kọ́ọ̀sì fún ọ. Kírẹ́dítì 60 lo máa kó jọ. Bí o bá mú 12 ní sáà kan, wọ́n á pè ọ́ ní fúltáìmù, owó ìrànwọ́ á sì wọlé, àmọ́ 12 lọ́nà mẹ́rin kò pé 60. Mú 15, tàbí kí o fi kíláàsì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kún un.

Bí wọ́n bá fi wákàtí ìrànlọ́wọ́ kún Math rẹ, má bínú. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ kíláàsì fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ wà fún gbogbo yín, ọmọ tó ń gba A pàápàá ń lọ síbẹ̀. Lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, má dúró de ìdánwò. Béèrè bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì yín ní TRIO Student Support Services, ètò tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ìjọba àpapọ̀ ló ń náwó sí i, ó wà fún ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò gba dígírì yunifásítì. OND ni tèmi, bàbá rẹ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ìwọ gan-an ni wọ́n ń wí, má sì tijú láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ilé oúnjẹ ọ̀fẹ́ náà wà nínú ọgbà. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Bí owó ọ̀sẹ̀ bá tán kí ọ̀sẹ̀ tó tán, gbé báàgì rẹ, lọ gba ìrẹsì àti ẹ̀wà. Bí ọkàn rẹ bá sì rẹ̀wẹ̀sì, agbaninímọ̀ràn wà níbẹ̀, a kì í sanwó, wọn kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ síta. A ń gbàdúrà fún ọ nílé o, a ò ní dákẹ́. Lọ rí wọn náà.

Èyí tó le jù nìyí. Bí kíláàsì kan bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ, má pòórá. Àwọn ọmọ tiwa ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, wọn ò fẹ́ kójú ti òbí, wọ́n á máa múra jáde láàárọ̀ bí ẹni ń lọ sílé-ìwé. Bí o bá fi gbogbo kíláàsì sílẹ̀ kí sáà tó dé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, apá kan owó Pell lè di gbèsè sí ọ lọ́rùn, gbèsè náà lè má jẹ́ kí o forúkọ sílẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Bí o bá tètè lọ sọ fún olùdámọ̀ràn, ọ̀nà pọ̀: wọ́n lè bá ọ yọ kọ́ọ̀sì kan, kí “W” wà lórí ìwé rẹ dípò “F”. Kí o tún sọ fún mi. Mi ò ní pariwo. Mo ti rí púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ̀rù ohun tí mi ò mọ̀ ló máa ń bà mí.

Kí n tó gbàgbé, sọ fún àǹtí rẹ ní Brooklyn pé láti sáà tó ń bọ̀ yìí, ìjọba New York á máa gbé owó community college fún ẹni ọdún 25 sí 55 tí kò tíì ní dígírì, ní àwọn iṣẹ́ kan tí wọ́n nílò èèyàn sí. Nọ́ọ̀sì wà lára rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́ lẹ́nu.

Káàdì àjẹsára rẹ wà nínú fáìlì aláwọ̀ ewé lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Ya fọ́tò rẹ̀ kí o tó mú un lọ sí ọ́fíìsì ìlera ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí o sì jókòó ti bàbá rẹ lálẹ́ Sátidé títí á fi fọwọ́ sí FAFSA. Bí o bá ti rí olùdámọ̀ràn, pè mí. Aago wa fi wákàtí márùn-ún ṣíwájú tiyín, torí náà kí ó má kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yín, màmá àgbà máa ń tètè sùn, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ.

Èmi ni,
Màmá rẹ.