Fóònù Kan Lọ́wọ́ Olùkọ́ Tó Gbogbo Kíláàsì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ nílé ẹ̀kọ́ bá délẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kọ̀ǹpútà ni gbogbo wa ń bèèrè. Ẹgbẹ́ òbí ń dá owó rẹ̀ jọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń fi ta ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ́rẹ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ JSS 2 tó jókòó sẹ́yìn kò ní torí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tì mọ́ yàrá kan máa ronú nígbà tí ìṣirò bá ń lọ lójú pátákó. Ohun tó lè mú un ronú wà lápò olùkọ́ rẹ̀: fóònù kan, pẹ̀lú bébà tí a tẹ àwòrán sí.

Plickers ni orúkọ áàpù náà. Ọ̀fẹ́ ni ẹ ó gba àwọn káàdì rẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì tẹ̀ wọ́n sórí bébà funfun. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti àwòrán dúdú tí kò jọ ti ẹlòmíì, wọ́n sì kọ A, B, C àti D wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ tó bá rò pé B ni ìdáhùn á yí káàdì rẹ̀ kí B wà lókè, á wá gbé e sókè. Olùkọ́ á fi kámẹ́rà fóònù wo kíláàsì láti ọ̀tún dé òsì, fóònù á sì kọ ìdáhùn ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í kò lè jí i wò. Akẹ́kọ̀ọ́ ò nílò fóònù rárá.

Àwọn nǹkan kéékèèké ló máa ń bà á jẹ́. Bí ìka ọmọ bá bo àwòrán, kámẹ́rà ò ní ka káàdì náà. Ẹ má fi ọ̀rá dídán bò ó pé kó má ya, torí ìmọ́lẹ̀ á máa kọ mànà lórí rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó nípọn, tàbí kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ọmọ, kò ní sọnù níbẹ̀. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn àwọn ọmọ, ojú káàdì á ṣókùnkùn, nítorí náà kí olùkọ́ dúró síbi tí fèrèsé á ti wà lẹ́yìn tirẹ̀. Káàdì kò ju 63 lọ. Bí ọmọ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, káàdì kan fún bẹ́ǹṣì kan, ṣùgbọ́n kí oníkálukú kọ ìdáhùn tirẹ̀ sínú ìwé ná kí wọ́n tó fẹnu kò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó lẹ́nu jù níbẹ̀ á máa ronú fún gbogbo wọn.

Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ló gba làákàyè jù. Ẹ mú 1/2 + 1/3. Ẹ fi 2/5, 5/6, 1/6 àti 2/6 síwájú wọn. 5/6 ló tọ́. Ẹni tó mú 2/5 ro nọ́ńbà òkè pọ̀ mọ́ ti òkè, ó ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó mú 1/6 sọ ọ́ di ìsọdipúpọ̀, tàbí kó jẹ́ pé ó yọ ọ́. Ẹni tó mú 2/6 ti mọ̀ pé 6 ló yẹ kó wà nísàlẹ̀, ó kàn gbàgbé láti yí ti òkè padà ni. Olùkọ́ tó kàn já nọ́ńbà bọ ìbéèrè kò ní rí ìkankan nínú èyí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Eric Mazur tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ti ń lo ọ̀nà tó tẹ̀ lé e yìí láti 1991. Bí àwọn tó mú ìdáhùn tó tọ́ bá wà láàrin 30 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kí olùkọ́ má sọ èyí tó tọ́, kó má sì sọ èyí tí ọ̀pọ̀ mú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, kí wọ́n jọ fà á fún ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n tún gbé káàdì sókè. Bí kò bá tó 30, ẹ tún un kọ́. Bó bá ju 70 lọ, ẹ ṣàlàyé ráńpẹ́, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èdè Ẹ̀gbá wọn fà á. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń kọjá lọ lásìkò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, kíláàsì náà kò dàrú o. Ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún ogójì ìṣẹ́jú.

Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ti ní kọ̀ǹpútà ná, ẹ gbé Kolibri, ìyẹn áàpù tí a ń kó ẹ̀kọ́ àti fídíò sí, sórí ọ̀kan, ẹ gba ìwọ̀nba ẹ̀kọ́ tí tẹ́ẹ̀mù náà fẹ́ sílẹ̀, torí fídíò ń gbàyè, kí ẹ sì fi ráútà so àwọn yòókù mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. PhET, ìyẹn àwọn àdánwò sáyẹ́ǹsì orí kọ̀ǹpútà, wà níbẹ̀, tí ọmọ á ti so bátìrì, wáyà àti gílóòbù pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ bóyá gílóòbù á tàn kí wọ́n tó so ó.

Ẹgbẹ́ òbí tó bá fẹ́ ṣe nǹkan fún wa ní tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀, ẹ san owó bébà àti ìtẹ̀wé, ẹ ra páwà báǹkì kan fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bá wa bẹ ọ̀gá pé kí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ kan náà ní ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ láti jọ kọ ìbéèrè. Owó dátà olùkọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, torí òun ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé.

Àwa olùkọ́ ìṣirò,
Aké, Abẹ́òkúta.