Ẹ Má Fi Tíìkì Rọ́pò Igbó Etídò Wa

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Èsì ni lẹ́tà mi yìí jẹ́ sí èyí tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́, nínú èyí tí òǹkọ̀wé kan ti sọ pé igbó tó kù sí etídò àti ẹsẹ̀ òkè ní agbègbè Kàbà, Bùnú àti Ìjùmú kò wúlò fún ohunkóhun, pé kí ìjọba gé e, kí wọ́n sì fi tíìkì àti mẹlínà, igi gẹdú tí wọ́n ń gbìn fún títà, dípò rẹ̀ kí owó lè máa wọlé. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin, n kò sì rí ibi tó ti jọ pé ó ti wọ inú irú igbó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo fẹ́ bẹ òun àti àwọn tí yóò fọwọ́ sí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wò ó.

Ààlà ni ibi tí a tẹ̀dó sí ní ìwọ̀-oòrùn Kogí. Igbó kìjikìji tó gba Èkìtì wá ń tán lọ lọ́dọ̀ wa, ọ̀dàn tó ń lọ sí ìhà Odò Ọya sì ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè rí ẹmì àti igbá lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kó tó rìn díẹ̀ kó sì bá ìrókò, àràbà àti ayùnrẹ́ ní etídò. Nígbà ọyẹ́, tí iná bá ti jó koríko ọ̀dàn tán, etídò yìí nìkan ni ewé tútù máa ń kù sí, ibẹ̀ sì ni ìgalà, ẹtu, ọ̀bọ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyẹ máa ń forí pamọ́ sí títí òjò yóò fi padà. Ẹni tó bá gé e kò gé igi nìkan. Ó lé gbogbo ohun tí ọ̀dàn ń bọ́ jáde pẹ̀lú.

Ẹni tó bá fẹ́ rí nǹkan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jí ní ìdájí, kó sì lè pa ẹnu mọ́. Gbogbo wa la mọ àdúrà agbe tó laró àti àlùkò tó losùn, a ń ṣe é níbi ìkómọ àti ìṣílé, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ ilé ìwé wa ló ti rí àlùkò tó na ìyẹ́ rẹ̀ pupa fòò bó ṣe ń fò láti orí igi kan sí èkejì lójú odò? (Irin bàbà, ìyẹn copper, gan-an ló wà nínú àwọ̀ pupa náà, ohun tí mo gbádùn láti máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.) Òru ni akika (pangolin) máa ń rìn ní tirẹ̀, nítorí náà ipa rẹ̀ nìkan ni àlejò sábà máa ń rí: ilé ikán tó ti tú, àti ilẹ̀ tó ti họ káàkiri níbi tó ti ń wá èèrà. Ọmọ kan ṣoṣo ló máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ̀rù bá sì bà á, ńṣe ló máa ń ká ara rẹ̀ jọ, ẹnikẹ́ni á sì gbé e sínú àpò láìjà. Bí ẹranko báyìí ṣe lè tán nílẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní ọdún 2016, níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko fòfin de òwò akika àti odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, wọ́n sì fi igi róòsíwúùdù tiwa sábẹ́ ìṣọ́. Igi yẹn náà ń hù lọ́dọ̀ wa. Bí a bá ṣá a lọ́gbẹ́, oje rẹ̀ á máa ṣàn bí ẹ̀jẹ̀. Àwa tí à ń gbé ojú ọ̀nà rí bí ọkọ̀ ńlá ṣe ń kó gẹdú rẹ̀ kọjá.

Ní ti owó tí òǹkọ̀wé náà ń wá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrókò. Igi yìí ní akọ, ó ní abo, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń dá dúró. Bí agégẹdú bá gé abo ibì kan tán, akọ tó ṣẹ́kù kò ní so. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀, òun náà ló sì ń gbé hóró rẹ̀ lọ sí ibi tí yóò ti hù. Ẹni tó bá sì rò pé òun lè gbin ìrókò nìkan lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin tíìkì yóò bá kòkòrò kékeré kan pàdé, èyí tó ń mú kí ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ ta kókó títí igi kékeré náà yóò fi rọ tàbí kú. Inú igbó, láàrin igi mìíràn, ni ìrókò ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. N kò bá tíìkì jà o. Òpó iná dára, ẹni tó bá sì ní ilẹ̀ tó ti ṣá lè gbìn ín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n igi Éṣíà ni, ewé rẹ̀ tó máa ń wọ́ jọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tètè máa ń gbaná, n kò sì tíì rí àlùkò tó ń wá èso jẹ lórí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé. Wọ́n jàre, ìyà tó ti jẹ àwọn ará wa ní ìhà Yàgbà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, n kò sì ní gba olùkọ́ kankan nímọ̀ràn pé kó kó ọmọ wọ igbó jíjìn lásìkò yìí. Igbó tó sún mọ́ ìlú, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà lọ sí oko lójoojúmọ́, ni mo ń wí, pẹ̀lú àwọn ọdẹ ìlú níwájú àti lẹ́yìn. Ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí i pé kí igbó Kampe ní Ìpínlẹ̀ Kwara wà lára àwọn mẹ́wàá tí yóò di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè, èyí tó mú iye wọn kúrò ní 7 di 17. Ẹ̀ṣọ́ tó ń gba owó oṣù, tó sì mọ igbó, ni irú ibẹ̀ ń fẹ́ kí àlejò tó lè dé, iṣẹ́ náà sì tọ́ sí àwọn ọmọ ọdẹ wa. Igbó tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ni ọ̀daràn ń fi ṣe ilé.

Ohun kan ṣì wà. Kì í ṣe òfin ìjọba ló dá ọ̀pọ̀ nínú igbó kéékèèké wọ̀nyí sí. Ìbẹ̀rù ẹbọra tí àwọn bàbá wa gbà pé ó ń gbé inú òkè àti igbó ni. Kristẹni ni mí, n kò bọ ẹbọra, àmọ́ n kò lè sẹ́ ohun tí ojú mi rí, pé ìbẹ̀rù yẹn ló dá igbó náà sí. Nítorí náà, kí àlejò gba àṣẹ lọ́wọ́ ọba àti àwọn àgbà, kí owó àbẹ̀wò wọ àpò ìlú, ibi tí wọ́n bá sì ní kí ẹsẹ̀ má dé, kí ẹsẹ̀ má dé e.

Bí òǹkọ̀wé náà bá gbà láti wá, àwọn ọdẹ tí mo mọ̀ ṣetán láti mú un lọ ní oṣù kìíní, nígbà tí koríko bá ti wálẹ̀. Kó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kó má dá iná, kó sì fi ajá rẹ̀ sílé.

Èmi ni,
Olùkọ́ ìmọ̀ ohun abẹ̀mí tó ti fẹ̀yìn tì,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.