Ìpàdé Sátidé: Ẹ Gbé Omi Odò Wá

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ẹgbẹ́ wa ní Ìlọrin, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ìpàdé wa ń bọ̀ ní Sátidé yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ tí a lò lóṣù tó kọjá ní Sábó Òkè. Iṣẹ́ Lynn Margulis, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, la máa yẹ̀ wò. Lọ́dún 1967 ló tẹ̀ ẹ́ jáde pé mitochondria, ẹ̀yà kékeré inú sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ tó kéré jù lọ lára ohun ẹlẹ́mìí) tó ń pèsè agbára fún un, jẹ́ bakitéríà tó ń dá gbé nígbà kan rí, kí sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó gbé e mì, tí wọ́n sì jọ ń gbé pọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò gbà á gbọ́ nígbà náà. Ẹ̀rí DNA, ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá láti ìran dé ìran, ló dá a láre nígbẹ̀yìn. Èmi ò rí ibi tó dùn tó yìí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran.

Kí a lè fojú ara wa rí àwọn ohun ẹlẹ́mìí oní-sẹ́ẹ̀lì kan, kí kálukú bu omi díẹ̀ wá nínú ìgò tó mọ́: ti odò Àsà, tàbí ti adágún tí ewé wà nínú rẹ̀. Omi ẹ̀rọ kò wúlò fún wa. Maikirosíkóòpù, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, méjì péré ló wà, ẹni tó bá ní ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé e dání.

Ẹ kọ orúkọ yín síbí kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́